Mo Yọ̀ǹda Bàbá Onílé Kó Tó Lọ sí Mẹ́kà

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Èkó kì í ṣe afárá, kì í sì í ṣe èrò. Ó yà mí lẹ́nu pé mo gbọ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ, síbẹ̀ àjèjì ni mí. Kétu ni wọ́n bí mi sí, lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń fi Faransé kàwé, tí a sì ń fi Yorùbá jà, tí a fi ń ṣeré, tí a fi ń dájọ́. Nígbà tí mò ń bọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ilé ẹ̀gbọ́n ni àbúrò ń lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lanu bèèrè ọ̀nà ní Apọ́ngbọ̀n, obìnrin tí mo bi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ará Kútọnu ni ẹ́, àbí?" Mi ò dé Kútọnu rí láyé mi.

Mo kọ́kọ́ ń bá wọn jiyàn. Mo ń ṣàlàyé pé Kétu kì í ṣe Kútọnu, pé ọ̀nà jìn láàárín àwọn méjèèjì, pé ọmọ Odùduwà ló tẹ Kétu dó. Wọ́n á gbọ́ mi tán, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ó dáa, Kútọnu, bá mi di etí aṣọ yìí mú." Nígbà tó yá, mo gbà fún wọn. Tí ẹnìkan bá ké "Kútọnu" ládùúgbò wa lónìí, èmi ni mo máa ń dáhùn, inú mi a sì dùn pé wọ́n pè mí.

Iṣẹ́ kọ́tíìnì ni mo bá wá. Alhaja kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà ní Apọ́ngbọ̀n. Ìsàlẹ̀ ni òun ti ń ta aṣọ, àwa tí a ń ránṣọ sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mo ṣe bí a ṣe ń ṣe nílé: gbogbo àgbàlagbà tí mo bá pàdé láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ, mo kúnlẹ̀ kí i. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ti ga, iyẹ̀pẹ̀ ti bo eékún mi, àwọn kan lára àwọn tí mo kí sì ti fún mi lówó. Wọ́n rò pé mò ń tọrọ báárà ni.

Alhaja wo eékún mi. "Kí ló dé? O ṣubú ni?"

"Rárá o, mà. Mò ń kí àwọn ènìyàn ni."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. "Ìwọ ọmọ yìí, tó o bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí gbogbo Èkó tán, ìgbà wo lo máa ránṣọ? Ẹni tó bá jókòó ni kó o máa kí. Ẹni tó bá ń rìn, jẹ́ kó máa lọ." Òfin tí mo kọ́kọ́ kọ́ ní Èkó nìyẹn, ó sì wúlò fún mi. Mo fi owó báárà mi ra ẹ̀pà, gbogbo wa jẹ ẹ́ lókè.

Iṣẹ́ náà dùn, n ò ní purọ́. Àwọn oníbàárà Alhaja kì í wọn fèrèsé. Wọ́n á dé, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n á ní, "Fèrèsé mi tó báyìí." Tí o bá ní kí wọ́n lọ fi téèpù wọ̀n ọ́n, wọ́n á bínú pé o ò fọkàn tán wọn. Ọkùnrin kan na ọwọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀ ní Onikan, ó sì rìn dé ọ̀dọ̀ wa láìjẹ́ kó wálẹ̀, kí ìwọ̀n má baà bà jẹ́. Àwọn ènìyàn ń yà fún un lójú ọ̀nà, wọ́n rò pé ó fẹ́ dì mọ́ àwọn ni. Mo ti fi téèpù wọn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tán kí n tó rántí pé mi ò tíì kí i. Kọ́tíìnì náà bá fèrèsé rẹ̀ mu.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń fojú mi rí nǹkan. Wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù, àdúgbò á parọ́rọ́, gbogbo ilé á ní àlejò àfi yàrá tèmi. Mo máa ń fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, màá pe ìyá mi ní Kétu. Wọ́n á bi mí pé kí ni mo jẹ, màá ní ẹran ni. Wọ́n á ní ẹran kí ni, màá ní ẹran àgbò. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi, gaàrí inú ẹnu ẹ ń dún létí mi níbí." A óò rẹ́rìn-ín, a óò sì pa fóònù, màá wá mọ̀ pé òótọ́ ni mo wà ní òkèèrè. Ẹni tó bá wà nílé kì í parọ́ ohun tó jẹ fún ìyá rẹ̀.

Yàrá tí mo gbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò tóbi. Tí mo bá nà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo lè fi ìka ẹsẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àlejò, bí àlejò bá wà. Bàbá tó nilé ń gbé yàrá iwájú, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe láńlọ́ọ̀dù, Bàbá Onílé la sì ń pè é. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gba yàrá náà, mo rò pé owó ilé nìkan ni màá san. Wọ́n ní ó ku ti èjẹ́ńtì, ó ku ti àgírímẹ́ǹtì, ó tún ku kọ́ṣọ̀n.

Mo bi Bàbá pé kí ni kọ́ṣọ̀n.

"Tó o bá fọ́ fèrèsé mi, tó o bá ba ògiri mi jẹ́, inú ẹ̀ ni màá ti tún un ṣe," Bàbá wí. "Tó ò bá ba nǹkan kan jẹ́, ọjọ́ tó o bá ń lọ, wàá gbà á padà ní pípé. Owó ẹ ni. Èmi kàn ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú gan-an. Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ yẹn pé mo ti ní ẹni tó ń bá mi tọ́jú owó ní Èkó. Mo sì ń ṣìkẹ́ yàrá náà bí ìyàwó tuntun. Mi ò kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri rẹ̀. Orí àga ni mo ń kó aṣọ lé, títí àga náà fi dàbí ènìyàn tó sanra.

Àwọn tí a jọ ń gbé ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì ló kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá Ṣúkúrà ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, ọṣẹ ni wọ́n ń tà, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ àti àkàrà sàárì sẹ́nu ọ̀nà mi nínú àwẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà nílùú náà. Bùrọ̀dá Wàsíù tó ń tún fíríìjì ṣe wà ní yàrá ẹ̀yìn. Wàsíù jẹ owó ilé. Tó bá ti fẹ́ kọjá níwájú yàrá Bàbá, á bọ́ bàtà sọ́wọ́, á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, à á wá máa wúkọ́ fún un láti bá a bo ìró.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Bàbá dáwó jọ, wọ́n ní kí Bàbá lọ sí Mẹ́kà. Inú gbogbo ilé dùn. Àwa mùsùlùmí mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ kì í dédé gbéra. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ yọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń bá gbé, kó má baà di ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ aráyé mọ́ ẹrù lọ síwájú Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá pe gbogbo wa jọ sí àgbàlá lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó wọ aṣọ funfun, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ̀yin ará ilé mi," ó ní, "ohunkóhun tí mo bá ṣẹ̀ yín, ohunkóhun tí mo bá jẹ yín, ẹ yọ̀ǹda mi nítorí Ọlọ́run. Èmi náà ti yọ̀ǹda gbogbo yín."

Gbogbo wa dáhùn pé a ti yọ̀ǹda. Ohùn tèmi ló ròkè jù. Mo tilẹ̀ sunkún, kì í sì í ṣe nítorí Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, èmi ni mo ń bẹ gbogbo ènìyàn: ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọ̀nà hàn mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dín in fún mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sún díẹ̀. Ẹnìkan kò tíì bẹ̀ mí rí. Wọn kì í tọrọ yọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá lọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè ká wọn lára ni wọ́n ń tọrọ yọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn bí ọmọ ilé.

Bàbá lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀. Ó fi eyín wúrà kan síwájú ẹnu, ó sì ra ẹ̀bùn fún gbogbo ilé. Àwọn ọkùnrin gba tẹ̀súbáà, àwa obìnrin gba ìbòrí, gbogbo wa sì mu omi sàmúsàmù. Kò sì jẹ́ orúkọ àtijọ́ mọ́. Ìyá Ṣúkúrà gbàgbé, wọ́n ní, "Bàbá Onílé, ẹ káàárọ̀ o." Bàbá ń wo òde. Wọ́n tún kí i. Ó ṣì ń wo òde. Ìgbà tí wọ́n ní, "Alhaji," ni ọrùn Bàbá yí padà kíá, tí eyín wúrà náà sì kọ mànà. Láti ìgbà náà, Alhaji ni.

Kò pẹ́ sí i ni oríire tèmi náà dé. Alhaja mi tó ni ṣọ́ọ̀bù ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan fún mi ní ẹ̀dínwó. Wọ́n ní mo lè máa rán tèmi, pé àwọn á máa fi iṣẹ́ tó bá pọ̀ jù ránṣẹ́ sí mi. Mo wá yàrá káàkiri, mo sì rí ọ̀kan ní Adéníji Adélé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ó gba ẹ̀rọ, ó gba tábìlì ìgéṣọ, ó gba àga oníbàárà, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló sì máa rí mi. Mo dúró síbẹ̀, mo ń na ọwọ́ bíi ti ọkùnrin Onikan, ìyá tó nilé náà sì ń wò mí bíi wèrè. Wọ́n ní àwọn á bá mi dì í mú títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, pé ẹlòmíràn ń bèèrè rẹ̀. Mo ti tọ́jú owó, ṣùgbọ́n kò pé. Kọ́ṣọ̀n mi ló máa sọ ọ́ di pípé.

Mo ti sọ fún Alhaji tipẹ́ pé mo fẹ́ kó. Ó wá yẹ yàrá mi wò. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì dání ní ọ̀sán gangan, ó kan ògiri kọ̀ọ̀kan pọ́kọ́ pọ́kọ́, ó ṣí fèrèsé, ó pa á dé, ó tilẹ̀ gbóòórùn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Máṣáláhù. Yàrá yìí dáa ju bó o ṣe bá a lọ."

"Ẹ ṣé, Alhaji. Ó wá ku kọ́ṣọ̀n mi."

"Kọ́ṣọ̀n wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ń bá mi tọ́jú, sà."

Alhaji fà mí mọ́ra bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí. "Kútọnu, ṣé kì í ṣe ìwọ lo yọ̀ǹda mi níwájú gbogbo ilé? Mo ní ohunkóhun tí mo bá jẹ yín. O ní o ti yọ̀ǹda. Ohùn ẹ ló ròkè jù, mo ṣì ń rántí ẹ dé Mẹ́kà. Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san." Ó sì jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Mo jókòó sórí aṣọ orí àga. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà mí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi dà lójú mi. Mo ti fi ẹnu ara mi yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìyá Ṣúkúrà ni wọ́n gbọ́ ìmí ẹ̀dùn mi. Wọ́n ní kí n nu ojú, òfin wà. Wọ́n mú mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ti ń parí ìjà láàárín onílé àti ayálégbé, níbi tí wọn kì í gba kọ́bọ̀. Obìnrin tó wà lórí tábìlì gbọ́ mi tán.

"Kọ́ṣọ̀n, owó ẹ ni," ó ní. "Kì í ṣe ti láńlọ́ọ̀dù. Tó bá sọ pé o ba nǹkan jẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan ọ̀hún hàn ẹ́, iye tó máa tún un ṣe nìkan ló sì lè yọ. Ṣé ó rí nǹkan tó bà jẹ́?"

"Ó ní yàrá náà dáa ju bí mo ṣe bá a lọ."

"Kó dá ẹ lówó ẹ padà nìyẹn."

Mo rọra sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo ní, "Ará Kétu ni mí, mà."

"Kétu tó wà lápá Máìlì 12?"

"Rárá, mà. Ti Bẹ̀nẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Òfin ò bi ẹni tó sanwó ilé pé ibo ni wọ́n bí i sí. Kọ́kọ́ lọ bá bàbá sọ ọ́ ní sùúrù. Tó bá kọ̀, padà wá, a máa ránṣẹ́ pè é. Àmọ́ ìyẹn á gba àkókò díẹ̀."

Ìyá Ṣúkúrà bi í pé ọ̀rọ̀ yọ̀ǹda ńkọ́. Obìnrin náà họrí. Ó ní òun ò rí yọ̀ǹda nínú ìwé òfin òun, kí a bi ààfáà.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò lójú títì. Owó kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ sì ń parí lọ, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti jókòó lórí àga ìjọba, ó sì sọ fún mi pé ẹ̀tọ́ mi dúró bí ibi tí wọ́n bí mi sí tilẹ̀ jìn. Mo ti rò pé àlejò kàn ń gba àánú ni. Mi ò mọ̀ pé ó lè ní ẹ̀tọ́, kó sì máa gbé e rìn láàárín ọjà bí ẹni gbé àpò tuntun.

Mo pe ìyá mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "ṣé bàbá yẹn náà yọ̀ǹda yín?"

"Ó yọ̀ǹda wa. Ó ní òun náà ti yọ̀ǹda gbogbo wa."

"Ṣé kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó nínú ilé yẹn ni?"

Mo dìde dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tilẹ̀ rántí dágbére. Mo lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. "Bùrọ̀dá Wàsíù, Alhaji ní yọ̀ǹda tí a ṣe ti pa gbogbo gbèsè rẹ́."

Wàsíù yọ orí jáde. "Gbogbo gbèsè?"

"Ó ní òun ò jẹ mí ní kọ́ṣọ̀n mọ́. Ṣé ẹ rántí pé òun náà yọ̀ǹda wa?"

Ó wò mí. Ó wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó sì rọra wọ̀ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Alhaji jókòó ní àgbàlá, àwọn ará ilé ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ìró bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ẹ̀yìn, kò kò kò. Wàsíù ló ń bọ̀, ó ń yan. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ó fa àga, ó jókòó ti Alhaji, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Alhaji."

"Wàsíù. O tiẹ̀ wà láyé. Owó ilé mi dà?"

"Owó ilé wo, sà?"

"Owó ilé wo kẹ̀? Ṣé orí ẹ pé?"

"Ṣebí ẹ ti yọ̀ǹda wa kẹ́ ẹ tó lọ sí Mẹ́kà. Èmi ti gbà á tọkàntọkàn. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Alhaji fò dìde. "Ta ló sọ fún ẹ pé yọ̀ǹda kan owó? Yọ̀ǹda, ti ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni, ti inú bíbí ni. Owó, sísan ni wọ́n ń san án. Lọ bi ààfáà tó bá wù ẹ́ ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó."

Ìyá Ṣúkúrà gbé ọwọ́ kúrò nínú ọṣẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, ẹ tún ìparí ẹ̀ sọ, mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Mo ní owó, sísan ni wọ́n ń san án," Alhaji tún ún sọ, ohùn rẹ̀ sì dé títì. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bá tèmi pàdé.

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun gan-an ni, Alhaji."

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Alhaji wo Wàsíù, ó wo èmi, ó wo Ìyá Ṣúkúrà tó ń fi gbogbo ara wo inú ọpọ́n ọṣẹ. Ó rọra jókòó padà. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún, àfi bí eyín wúrà ṣe yọ. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni gbogbo àgbàlá bú sí i, ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti mú mi," ó ní, nígbà tó rí èémí mí. "Kútọnu, òótọ́ ni, mo jẹ ẹ́. Ó dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn, owó ọ̀hún ló ti lọ. Mò ń ra ẹ̀bùn ní Mẹ́kà, mo ń sọ pé kí n má gbàgbé ẹnìkankan. Ìbòrí tó wà lórí ẹ yẹn, inú ẹ̀ ló wà."

Mo fọwọ́ kan orí mi. Ó jẹ́ pé mo ti ń gbé kọ́ṣọ̀n mi káàkiri ọjà láti ọjọ́ yìí.

Alhaji yíjú sí Wàsíù. "Níwọ̀n ìgbà tí yọ̀ǹda ò ti kan owó, dìde, lọ gbé owó ilé mi wá." Wàsíù wo ọ̀nà títì, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣúkúrà ti gbé ọpọ́n wọn síbẹ̀. Ó wọlé, ó pẹ́, ó jáde pẹ̀lú owó fíríìjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà. Alhaji gbà á, kò jẹ́ kó móoru lọ́wọ́ rẹ̀, ó na èyí tó jẹ́ tèmi sí mi.

"Kútọnu, ṣebí ìwọ lo ní mi ò jẹ gbèsè mọ́," Wàsíù ń kùn.

"Bùrọ̀dá, Alhaji ló sọ ọ́. Iṣẹ́ ni mo jẹ́."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ti wà ní Adéníji Adélé. Ìyá tó nilé gba owó mi, wọ́n dì í mọ́ ìdí aṣọ, wọ́n sì gbé àgírímẹ́ǹtì jáde. Mo ti ń wo ibi tí màá gbé ẹ̀rọ sí nígbà tí wọ́n ní, "Ó wá ku onídùúró. Ta ló máa dúró fún ẹ? Ẹni tó nílé ní Èkó ni mo fẹ́ o. Mi ò fẹ́ ẹni tí mi ò ní rí mú tó o bá sá lọ sílùú yín."

Alhaja mi fúnra wọn, wọ́n háyà ṣọ́ọ̀bù ni, ilé wọn wà ní Ìjẹ̀bú. Mo ro gbogbo ẹni tí mo mọ̀ nílùú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú gbogbo wọn, ẹnìkan péré ló nílé, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dójú tì í níwájú àwọn ayálégbé rẹ̀ lánàá. Ojú tì mí kí n tó pè é. Mo ní, "Alhaji, ẹ má bínú." Mo ṣàlàyé. Kò dá mi lóhùn ju pé, "Ṣé ìyá náà wà nílé?"

Mo jókòó lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣì lè bọ́ lọ́wọ́ mi, mò ń wo títì. Ó pẹ́ díẹ̀, mo sì rí i tó ń bọ̀ nínú oòrùn, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, bí ẹni tó ń lọ síbi ìyìgì ọmọ rẹ̀. Ó kí ìyá onílé. Ìyá onílé ní, "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ dúró fún un? Ṣé ẹbí yín ni?"

"Rárá. Ayálégbé mi ni."

"Kí lẹ wá mọ̀ nípa ẹ̀ tẹ́ ẹ fi fẹ́ fi ilé yín dúró?"

Alhaji yọ gíláàsì rẹ̀ jáde, ó fi agbádá nù ún. "Mo jẹ ẹ́ lówó," ó ní, "mo sì fẹ́ jẹ ẹ́ gbé. Ó gbà á lọ́wọ́ mi tán, kò bú mi, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi ti ń gba ayálégbé tipẹ́, mi ò tíì rí irú ẹ̀. Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

Ìyá onílé na bírò sí i. Mo yíjú sí ògiri, mo ń ṣe bí ẹni tó ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.